Ìdànrè: Èmi, Àwọn Ọmọ àti Tanímọ̀la

Ọjọ́bọ̀, Ìbàdàn

Ilé-ìwé ti tì fún ọdún Kérésì. Ọkọ ọmọ mi ní ó pẹ́ tí bàbá òun ti fojú kan àwọn ọmọ, pé gbogbo wa la máa lọ sí Ìdànrè. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ. Wọ́n kàn kà mí mọ́ ẹrù ni. Nígbà tó dalẹ́, ìyá àwọn ọmọ to gbogbo nǹkan sí pálọ̀: àpò aṣọ, ìrẹsì àti òróró tí a ń gbé fún Bàbá Ìdànrè, bọ́ọ̀lù Àjàní, abọ́ ajá, oògùn mi. Inú ọ̀rá kan náà ló kó oògùn mi àti abọ́ ajá sí. Mo yọ tèmi, mo tì í sínú àpamọ́wọ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan.

Tanímọ̀la ni ajá wa ń jẹ́. Ajá ilé lásán ni, ó pupa rúsúrúsú, etí kan dúró, èkejì ṣẹ́ wálẹ̀. Ológbò kò bá wa lọ ní tirẹ̀. Ìyá Ìbejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ni a fi í sílẹ̀ fún, ó sì wọlé síbẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́ pé ajá ń lọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ ń gbé ajá lọ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó? Ẹ ò bá kúkú di ata àti iyọ̀ mọ́ ọn.”

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó bá ti dé Oǹdó rí á ti gbọ́ nípa lókìlì, ẹran ajá. Ọkọ ọmọ mi ní ìyẹn ìlú Oǹdó o, Ìdànrè ni àwọn. Ìyá Ìbejì ní ṣé ajá mọ ààlà ìlú ni. Àjàní, ọmọ ọdún 5, gbá ajá mọ́ra, ó fi ẹkún bọnu. Ìgbà tí mo ṣèlérí pé èmi fúnra mi ni mo máa di okùn Tanímọ̀la mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló tó gbà láti lọ sùn.

Láìpẹ́ yìí la gbé ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ilé-ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Ìwé rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, wọ́n fi sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án. Ìwé ìwòsàn tèmi, àwọn ọmọ ti yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ojú ọ̀nà

Kí a tó jáde, ìyá wọn dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń pe wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àṣàkẹ́, o ti tọ̀? Àjàní, o ti tọ̀? Ta ló mú Tanímọ̀la jáde? Ṣé ó ti tọ̀?” Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Ẹ̀yin náà ńkọ́! Èmi tí mo kọ́ ọ jókòó lórí póò. Ohun tó kàn dùn mí ni pé mi ò lè fèsì, nítorí nígbà tí mo rò ó wò, mo rí i pé ó yẹ kí n padà wọlé lóòótọ́.

Wọn kò fún ajá lóúnjẹ láàárọ̀, nítorí ajá tí ikùn rẹ̀ bá kún máa ń bì nínú ọkọ̀. Ó sinmi sẹ́sẹ̀ mi títí a fi kọjá afárá Aṣèjìrè, níbi tí àwọn ẹlẹ́ja ti ń na ẹja sókè sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Tanímọ̀la gbóòórùn ẹja, ó dìde, kò sì jókòó mọ́.

Ìkirè la ti kọ́kọ́ dúró. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ láìra dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí awọ rẹ̀ ti dúdú, tí àwọn ọmọ òde òní á jù sí ààtàn, òun ni àwọn obìnrin Ìkirè ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n á dín nínú epo títí á fi dúdú pátápátá. Inú ewé ni wọ́n ń dì í sí. Mo ṣàlàyé fún Àṣàkẹ́ pé èyí tó pọ́n jù ló ń dùn jù. Ó jẹ díẹ̀, ó ní ata rẹ̀ pọ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ ìyókù, ó ń nu ọwọ́ sára sítíárìn.

Nígbà tí a fi máa dé Ifẹ̀, ajá bì. Bisikíìtì tí mo fi ń lo oògùn ni Àjàní ti ń fún un jẹ ní kọ̀rọ̀ láti Gbọ̀ngán, ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà sórí bàtà ọkọ ọmọ mi tó bọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó ń fún un lẹ́sẹ̀. Wọ́n dúró fọ̀ ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi rí àyè na ẹsẹ̀, ojú ò sì tì mí láti sọ pé inú mi dùn.

Lẹ́yìn Iléṣà, àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn yọjú wọlé, ó rí ajá.

“Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?”

Àjàní dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu: “Tanímọ̀la.”

Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí. “Òótọ́ ni, a ò mọ̀ ọ́n.” Ó ní ká máa lọ, kò bèèrè ìwé kankan. Ìwé abẹ́rẹ́ ajá ti wà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́ tẹ́lẹ̀, ó dùn ún pé kò rẹ́ni fi hàn.

Ní Àkúrẹ́, ọkọ ọmọ mi fẹ́ fi fóònù wo ọ̀nà, torí wọ́n ń tún ọ̀kan ṣe. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó tún na apá jáde gbọọrọ títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì iwájú. Mo wò ó, mo dákẹ́. Ẹni ọdún 44 ni. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò ju bí ogún máìlì lọ, kódà kò tó bẹ́ẹ̀, ọyẹ́ sì ti bo gbogbo ojú ọ̀run. A kò rí òkè kankan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àpáta yọ sí wa láàárín ọyẹ́, ó ga, ó dán, ó dúdú, Àjàní sì ní ta ló gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àlàdé

Ìdànrè kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo: Òdòdẹ wà, Àlàdé wà, Àtọ̀sìn náà wà. Àlàdé ni Bàbá Ìdànrè ń gbé. Ẹni ọdún 78 ni, ó ga, ó tinrín, kòkó ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Àkókò kòkó la sì bọ́ sí. Gbogbo àgbàlá rẹ̀ la bá kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, èèyàn ò mọ ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé.

Láàárọ̀, ó kó àwọn ọmọ lọ sí oko tó wà lẹ́yìn ilé. Ó fi àdá la kòkó, ó fi inú rẹ̀ hàn wọ́n: àwọn èso tó tò pọ̀, tí nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ bò wọ́n. Ó ní kí wọ́n lá a. Àjàní lá ọ̀kan, ó lá èkejì, ó di pé kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàbá ní funfun yẹn dùn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á kó èso náà jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 tàbí 6, wọ́n á máa yí i, á gbóná, á máa ṣomi, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Lẹ́yìn náà ni oòrùn. Àṣàkẹ́ bèèrè ibi tí ṣokoléètì wà nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá ní ìyẹn wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, òun kò rí i rí lórí igi.

Ọ̀rọ̀ ajá ló wá ká mi lára. Kòkó ń pa ajá. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní theobromine. Ara èèyàn tètè ń lọ̀ ọ́ dànù, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára ajá, á mú kí ó máa bì, kí àyà rẹ̀ máa já, bó bá pọ̀ á pa á. Kòkó gbígbẹ tó wà nílẹ̀ yìí sì le ju ṣokoléètì inú ọ̀rá lọ fíìfíì. Dókítà ẹranko ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ tí Tanímọ̀la jí ṣokoléètì ọjọ́ ìbí Àṣàkẹ́. Nítorí náà a so ó mọ́ ìdí máńgòrò.

Ìyá wọn bọ́ síta, ó pàṣẹ fún gbogbo wa: kí Tanímọ̀la má jẹ kòkó, kí Àjàní má lá kòkó mọ́ kó tó jẹun, kí Màmá má fọwọ́ kan ẹmu tí Bàbá gbé jáde, nítorí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá Ìdànrè wò mí, ó wo ajá, ó wo Àjàní.

“Ìyá, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe yín níbẹ̀ nìyí?”

“Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe wá nìyí.”

Ó bu ẹmu sí ife tirẹ̀, ó ń wò mí lójú bó ti ń mu ún. A jókòó lábẹ́ igi, a ka àìsàn wa síwájú ara wa. Mo ní orúnkún. Ó ní ìbàdí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ìyẹn ti wà lára òun láti ayé Ṣàgàrí. Ìbejì ni a bá ara wa lórí ọ̀rọ̀ oorun: kò sí ẹni tó ń sùn kọjá aago mẹ́rin. Ibi tó ti fi mí sílẹ̀ ni ojú. Ó sì ń ka Bíbélì láìlo awò. Ó gbé e jáde, ó ka Sáàmù kan fún mi láìdúró, àmọ́ mo fura pé ó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ní ìrọ̀lẹ́, a ò rí ajá. Okùn wà nídìí máńgòrò, ajá kò sí nínú rẹ̀. Àjàní kọ igbe pé wọ́n ti sè é. Àwọn ọmọ àdúgbò tú ká, wọ́n ń pe “Tanímọ̀la! Tanímọ̀la!” káàkiri Àlàdé, àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì ń dá wọn lóhùn pé àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti bá a. Ó nà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Bàbá Ìdànrè, Bàbá ń já orí ẹja gbígbẹ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. “Ẹ má sọ fún ìyá wọn,” ó wí.

Ọjọ́ Àìkú

Ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwàásù gùn. Bàbá Ìdànrè sùn, Àjàní sùn, èmi nìkan ni wọ́n fi ìgúnpá jí. Iyán àti ẹran ìgbẹ́ la jẹ lọ́sàn-án, a tún sùn.

Ọjọ́ Ajé, orí òkè

Òní la gùn ún. Láti àárọ̀ ni ìyá wọn ti ń sọ pé kí n dúró sílé bá Bàbá tayò. Bàbá fúnra rẹ̀ kò bá wa lọ. Ó ní orí òkè ni wọ́n bí bàbá òun sí, ẹbí òun ti gùn ún tó, ó kù sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èmi ní tèmi ti wọ bàtà kánfáàsì.

Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ lé ní 600, símẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́nu géètì, ọ̀gbẹ́ni tó ń gba owó ka àgbàlagbà, ó ka ọmọdé, ó wá dúró lórí ajá. Kò sí iye tí wọ́n kọ fún ajá. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n jọ wò ó. Níkẹyìn wọ́n ní kó máa lọ pẹ̀lú àwọn ọmọdé.

Àṣàkẹ́ ń ka àtẹ̀gùn sókè ketekete. Àjàní náà ń ka tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ogún ó lé mẹ́sàn-án, á padà sí ogún. Wọ́n da ara wọn láàmú títí Àṣàkẹ́ fi gbàgbé ibi tó kà dé, ó bínú, ó padà sísàlẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Mo bù ú ní aṣọ mú. Tanímọ̀la ní tirẹ̀ á sáré lọ sókè, á yọjú, á rí i pé a ò tíì dé, á sáré padà wá wo ohun tó ń ṣe wá. Ó dá mi lójú pé ó gun òkè náà tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí a tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, mo sì sinmi ní gbogbo wọn. Mi ò fo ọ̀kan. Níbi tí mo ti ń mí helehele, ọmọkùnrin tó jẹ́ amọ̀nà wa ní, “Màmá, ẹ lè dúró síbí dè wá, a ò ní pẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo kọ́ ọmọ ní ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ ohùn tí èèyàn fi ń bá ọmọ tí kò ní yege sọ̀rọ̀.

Ìlú ló wà lókè yẹn, kì í ṣe àpáta lásán. Ìtàn wọn ní Ọlófin Arẹ́mitán ló kó wọn wá. Orí òkè ni gbogbo Ìdànrè ń gbé títí di àwọn ọdún 1920 kí wọ́n tó máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ṣì wà, pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń dájọ́ wà, ilé-ìwé wà. Òkè Orósùn dúró sọ́ọ̀ọ́kán. Ní 2007, ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, gbà sí ara ogún àgbáyé. Èmi dúró nínú àgbàlá ààfin, ohun tí mo ń rò ni àwọn ìyálé tó ń gbé omi àti iṣu gun ibi tí mo fi gbogbo àárọ̀ gùn lọ́wọ́ òfìfo, ní ayé tí kò sí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì. Mo sọ fún Àṣàkẹ́. Ó ní bóyá wọ́n ní ajá tó ń bá wọn gbé e.

A wá dé ibi ojú ẹsẹ̀ Agboogun. Àmì ẹsẹ̀ kan ni, nínú àpáta. Amọ̀nà ní ẹsẹ̀ ẹni yòówù tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá a mu rẹ́gí, bó tóbi bó kéré. Àfi àjẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bá a mu.

Àjàní fò sí i, ó bá a mu. Àṣàkẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó bá a mu. Ìyá wọn náà. Ẹsẹ̀ ọkọ ọmọ mi tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, òun náà wọlé síbẹ̀. Gbogbo wọn wá dúró. Kò sẹ́ni tó wò mí. Amọ̀nà ń wo òfuurufú.

“Màmá,” ọkọ ọmọ mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “kò pọn dandan o.”

“Kí ló dé tí kò pọn dandan?”

“Rárá o, nítorí orúnkún yín ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.”

Èèyàn lè fẹ́ ọmọ ẹni fún ọdún 11, kó máa dọ̀bálẹ̀ kí ẹni láràárọ̀, kó sì máa fi nǹkan kan pamọ́ sínú. Mo jókòó, mo bọ́ bàtà. Ó pẹ́, nítorí gígun òkè ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi wú, ìka ńlá mi sì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àjàní di ọwọ́ mi mú. Mo gbé ẹsẹ̀ sí i. Ó bá a mu wẹ́kú. Ọmọ mi obìnrin pàtẹ́wọ́, ọkọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ jù ú lọ, amọ̀nà sì mí kanlẹ̀. Mo ní kí wọ́n yà mí ní fọ́tò. Mo ní kí wọ́n yà á dáadáa, kí ẹsẹ̀ hàn.

Àjàní ní ó ku Tanímọ̀la. Ajá náà gbóòórùn ibẹ̀, ó yí i po, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó fà á padà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Àṣàkẹ́ ní ó ti hàn báyìí.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló le. Gígòkè ń gba èémí, sísọ̀kalẹ̀ ni orúnkún ń sanwó rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ní ilé-ìwòsàn kọ́ mi ni mo ń tẹ̀ lé: bí o bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó le ni kó ṣíwájú; bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń dùn ọ́ ni kó ṣíwájú, ọwọ́ lórí irin. Àjàní sùn sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà, Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, kò lọ mọ́. Ìyá wọn gbé e. Mo dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan á yíjú sí mi. Àṣàkẹ́ bá mi gba àpamọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kò sẹ́ni tó dìde. Ìyá wọn ń fi ògiri rìn. Ọkọ rẹ̀ ní itan òun ti di igi. Òróró ìpara mi, tí wọ́n máa ń sọ pé ó ń rùn, ti lọ yí ilé ká, mi ò tíì rí i gbà padà. Bàbá Ìdànrè jókòó síta, ó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó rú nínú oòrùn, ó ń kọrin. Àjàní àti ajá ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti aago méje.

Ọjọ́rú, ìpadàbọ̀

Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó odindi kan tí Àṣàkẹ́ fẹ́ gbé lọ fi han olùkọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kún ọkọ̀. Bàbá ṣàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe orúkọ ajá mọ́ ọn. Lẹ́yìn àmín, ó ní ṣé a ò lè fi Tanímọ̀la sílẹ̀ fún òun, kó máa bá òun ṣọ́ kòkó. Àjàní wò ó tìfuratìfura. Bàbá ní, “Ọmọ mi, eyín dà lẹ́nu mi?” Ó la ẹnu hàn án. Ọmọ náà wò ó fínnífínní, ó ka eyín tó kù, síbẹ̀ ó gbé ajá wọ inú ọkọ̀, ó tilẹ̀kùn. A ti fẹnu kò pé Bàbá ló máa wá bá wa ní Ọjọ́ Àjíǹde, kó wá rí ajá níbẹ̀.

Nígbà tí a kúrò ní Iléṣà, Ìyá Ìbejì pè. Kò béèrè àlàáfíà mi. “Ẹ ṣì jẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú ajá?” Mo gbé fóònù sẹ́nu Tanímọ̀la kó gbó, àmọ́ ó ń sùn.

Ìkirè la tún ti dúró ra dòdò, ti Bàbá Àjàní àti ti Ìyá Ìbejì. Ọkọ ọmọ mi fi fóònù sanwó. Obìnrin náà ní owó ò tíì wọlé, kó tún nọ́ńbà wò. Ó na apá jáde, ó fà á padà, ó gbé fóònù sí oòrùn, ó gbé e síbòji. Ó ní èédú ló wà lójú fóònù yìí. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mo yọ awò mi kúrò lójú, mo nawọ́ rẹ̀ sí i. Ó ní rárá, Màmá, ojú òun dá ṣáká. Obìnrin dòdò ní kó gbà á, ó ti rẹ òun. Ó gbé e wọ̀, ó wo fóònù, ó dákẹ́. Ó wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ike omi, ó kà á sókè látòkè délẹ̀, títí dé àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́.

Ìbàdàn la dé kó tó rántí pé mi ò tíì gbà á padà. Mo ti lọ ra òmíràn ní Dùgbẹ̀.